Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ìpè Tí Kò Dún?

Ẹni tó bá ti ṣọ́ aláìsàn mọ́jú rí ní ọsibítù, ní Kàbà ni o, ní Ìsánlú ni o, mọ iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì òru ń ṣe. Ó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìyá kan ti dé ẹ̀yìn rẹ̀: omi tí wọ́n fà sí ọmọ òun lára kò kán mọ́. Kò tíì dá ìyá náà lóhùn tí fóònù fi dún láti yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹlòmíràn ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń sanwó káàdì. Iná lọ. Nígbà tí yóò fi padà sídìí abẹ́rẹ́, ó di kó máa rò ó bóyá òun ti fa oògùn náà tó tàbí ó kù. Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n (AI) kan lè máa pinnu ìpè tó yẹ kó dé etí nọ́ọ̀sì; ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ.

Wọ́n ti wọn ewu inú èyí. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí nọ́ọ̀sì 98 ní ọsibítù méjì nílùú Sydney. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nídìí oògùn, àṣìṣe ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìpín 12 nínú 100.

Ní Amẹ́ríkà, igbe ẹ̀rọ ló gba wọ́ọ̀dù kan. Èyí tó ń ṣọ́ ọkàn ń ké, èyí tó ń wọn ọ́síjìn ń ké, èyí tó ń fa omi sára ń ké. Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ọsibítù wọn wò, kìlọ̀ ní 2013 pé nínú ìró 100, láti 85 dé 99 ni kò gba pé kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Etí òṣìṣẹ́ wá di. Láàárín oṣù kìíní 2009 sí oṣù kẹfà 2012, ìṣẹ̀lẹ̀ 98 tó jẹ mọ́ ìró wọ̀nyí ni wọ́n fi tó àjọ náà létí, èèyàn 80 ló sì bá a lọ.

Ohun tó bí ètò kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n tí à ń sọ yìí nìyẹn. Àárín ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì ló jókòó sí. Bí ọ́síjìn aláìsàn bá lọ sílẹ̀, ó lè ní sùúrù díẹ̀, kó wò ó bóyá ara ló yí tí ẹ̀rọ fi ṣìnà. Ó lè wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kó wá pinnu: pè é báyìí, dúró ná, tàbí má pè é rárá. Ó dà bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ẹni tó jẹ́ kó wọlé, gbogbo ayé rí i. Ẹni tó dá padà, ọba pàápàá kò mọ̀ pé ó wá.

Àwa kò kọ̀ ọ́. Bí ó bá máa dín ariwo kù, kó máa bọ̀ ní ilẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ṣùgbọ́n kí ọsibítù kankan má gbà á láìjẹ́ pé gbogbo ìpè tó dá dúró wà ní àkọsílẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wọ́ọ̀dù náà fúnra wọn ń kà á lóṣooṣù, tí wọ́n sì láṣẹ láti yí ètò náà padà tàbí láti pa á.

Ìdí wà. Ní 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan yẹ ètò kan tí ilé iṣẹ́ Epic ṣe wò, èyí tó yẹ kó máa ta dókítà lólobó bí àkóràn bá ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Nínú 100 tó ní àìsàn náà, 67 ló fò dá. Síbẹ̀, ó ké lórí 18 nínú gbogbo 100 tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ariwo kò dín, aláìsàn kò sì rí ìgbàlà.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2020 wo àwọn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín ìpín 92 sí 96 nínú 100. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nǹkan bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni tiwọn kò tó 88 rárá. Láàárín àwọn funfun, kò pé 4. Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa níbí? Ètò tó bá gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ yóò ní kí nọ́ọ̀sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò sì dún, kò sẹ́ni tí yóò fura.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ òótọ́: ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ìyá tó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ aláìsàn. Òun ló ń rí i pé ojú ọmọ ti yí padà. Yóò sì kọ́kọ́ kí nọ́ọ̀sì ní "Òkun o", yóò tọrọ gáfárà pé ọwọ́ wọn dí, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ń gbọ́ ẹ̀rù nínú ìkíni yẹn. Kọ̀ǹpútà wo ló gbọ́ èdè wa, Owé tàbí Yàgbà, débẹ̀? Nítorí náà, kí ohùn ẹbí má gba ọ̀dọ̀ ètò kankan kọjá. Bí iná bá sì lọ, tí ètò náà kú, kí gbogbo ìró padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìjọba ní Lọ́kọ́ja náà, kí wọ́n má ka kọ̀ǹpútà mọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ wa ń jápa lọ sí London àti Sáúdì, kọ̀ǹpútà kò sì lè gún abẹ́rẹ́. Bí owó kò bá tí ì tó nǹkan ńlá, ẹ gba akọ̀wé kan sí wọ́ọ̀dù lóru, tí yóò máa gbé fóònù, tí yóò sì máa júwe ibi ìsanwó. Ìyẹn nìkan yóò fún nọ́ọ̀sì láyè láti fa oògùn tán.

Lọ́jọ́ tí olùtajà bá gbé ìwé àdéhùn dé, kí ìgbìmọ̀ ọsibítù ní kó kó àwọn ìpè tí ètò rẹ̀ dá dúró ní ibi tó ti ń lò ó sórí tábìlì, kó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà hàn wọ́n. Bí kò bá ní in, kó tètè wọ mọ́tò padà kí ilẹ̀ tó ṣú.