Wọ́n pẹjọ́ nítorí òtútù

Ẹ sọ fún Yorùbá tó ń gbé London nínú oṣù kìíní ọdún pé àwọn kan pẹjọ́ torí pé òtútù ilé wọn ń dín kù. Á ní orí wọn ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ wọ́n pẹjọ́ lóòótọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2005, Sheila Watt-Cloutier àti 62 mìíràn nínú àwọn Inuit, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, láti Kánádà àti Alaska fẹjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà sun ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún gbogbo orílẹ̀-èdè Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n ní èéfín Amẹ́ríkà ń mú ayé gbóná, ó ń yọ́ yìnyín àwọn, ó sì ń fi ẹ̀tọ́ àwọn dù wọ́n. Ìgbìmọ̀ náà ò gba ẹjọ́ ọ̀hún wọlé. Lójú tèmi, ẹjọ́ wọn tọ́.

Òkun tó dì ni títì àwọn èèyàn yìí. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Nunavut, ní àríwá Kánádà, ni kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó so ó mọ́ ìlú mìíràn, àfi kí òkun dì kí wọ́n tó lè gba orí rẹ̀ lọ dọdẹ ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní seal, tàbí lọ kí ẹbí. Ọdẹ tó mọṣẹ́ á máa fi ọ̀kọ̀ gún yìnyín níwájú kó tó gbẹ́sẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ bá wọlé wọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó yáa padà. Bàbá ló ń kọ́ ọmọ. Ní báyìí, òkun ń pẹ́ kó tó dì, ó sì ń tètè yọ́. Ibi tí bàbá àgbà ti ń gbà láti kékeré lè jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èyí dùn mí ju ti béárì funfun tí gbogbo ayé ń pín fọ́tò rẹ̀ kiri lọ. Àgbà ò ṣìnà o, ọ̀nà ló da àgbà.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní Utqiaġvik, ní Alaska, inú ilẹ̀ tó dì gbagidi ni wọ́n gbẹ́ ihò sí láti máa tọ́jú ẹran àbùùbùtán. Fíríìjì tí kì í jẹ owó iná! Ilẹ̀ náà ti ń yọ́, omi sì ti wọ àwọn ihò kan. Ẹlòmíì á ní ṣebí ṣọ́ọ̀bù wà. Ó wà, àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọjà débẹ̀, owó rẹ̀ ò sì ṣeé gbọ́ sétí.

Wọn ò káwọ́ gbera ṣá. Ní ìlú Nain àti Pond Inlet, ní Kánádà, àjọ kan tó ń jẹ́ SmartICE ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù orí yìnyín láti fi wọn bí yìnyín ṣe nípọn tó, àwọn ọmọ ìlú ló sì ń wà á. Inú mi dùn sí i. Kí ẹnikẹ́ni má kàn wá fi ìyẹn ṣe àwáwí pé wọ́n ti rí ọgbọ́n ta sí i. Àwọn tó ń tú èéfín ló yẹ kó máa sanwó ẹ̀rọ yẹn.