Àtúnṣe: Variac nìkan kò tó láti jí ámpílífáyà àtijọ́

Àwọn onígìtá ń pín in kiri pé, bí a bá fi Variac (ẹ̀rọ tí a fi ń dín fólítì iná tó ń wọlé kù tàbí gbé e sókè) gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀, kàpásítọ̀ (èròjà tí ń tọ́jú iná pamọ́) inú ámpílífáyà onítúùbù tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ yóò sọjí. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Nínú ámpílífáyà gìtá Fender Deluxe Reverb àwọn ọdún 1960, túùbù GZ34 ni ó ń sọ iná AC (tí ń yí ìhà padà) di DC (tí ń lọ sí ìhà kan ṣoṣo), fólítì 5 ni a sì fi ń mú un gbóná. Nígbà tí Variac ṣì wà nísàlẹ̀, túùbù náà tutù, iná tó nítumọ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀, títí yóò fi gbóná tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólítì yóò ya lù ú. Oníṣẹ́ lè fi dáyóòdù (èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìkọ́kọ́ gbóná) rọ́pò túùbù náà fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ kàpásítọ̀ ni mo fara mọ́ jù. Ẹ má sì fọwọ́ kan inú ámpílífáyà náà kìkì nítorí pé ẹ ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná: kàpásítọ̀ ṣì lè gbé iná tí ń pani dúró.