Àtúnṣe: Ìkòkò alumíníọ̀mù kọ́ ló ń sọ àgbà di aṣarán

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ká kó ìkòkò alumíníọ̀mù dànù, pé òun ló ń fa àìsàn Alzheimer, tí àgbàlagbà fi ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1965, àwọn olùwádìí gún ehoro ní abẹ́rẹ́ èròjà alumíníọ̀mù, nǹkan bí okùn sì lọ́ pọ̀ nínú ọpọlọ wọn. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù náà ti ṣẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, okùn ti ehoro kò bá èyí tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn tó ní Alzheimer mu.

Púrótéènì inú ara wa gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Púrótéènì gbọ́dọ̀ ká bó ṣe yẹ kó tó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ká òdì a máa lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ṣù jọ bí àmàlà tó di kókó. Nínú Alzheimer, púrótéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid-beta máa ń ṣù sí ìta sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, òmíràn tó ń jẹ́ tau máa ń lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Irú rẹ̀ ni dókítà Alois Alzheimer ṣàpèjúwe ní Jámánì ní 1906. Nínú àìsàn Parkinson, tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, púrótéènì alpha-synuclein ló ń ṣù. Kódà nínú jẹjẹrẹ, púrótéènì p53 tó yẹ kó máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì lè ṣù jọ bí àbùdá rẹ̀ bá yí padà.

Ọjọ́ orí àti àbùdá ìdílé wúwo nínú ọ̀ràn Alzheimer ju ìkòkò lọ fíìfíì. (Ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin rọ lè ní òjé nínú, ẹ ṣọ́ra fún un, ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Ó dùn mí pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣarán á tún máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ gbé màmá lọ rí dókítà.