Ta ló ṣe ìdánwò, olùkọ́ àbí akẹ́kọ̀ọ́?

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá lórí ìbéèrè tí wọ́n ti ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹ̀yán (ọ̀rọ̀ tàbí àpólà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mìíràn) tó ṣì àyè padà sí ibi tó yẹ ẹ́, nítorí pé àtúnṣe tiwọn gan-an ló máa ń ba gbólóhùn jẹ́.

Ẹ wo èyí: "Having finished the exam, the papers were collected." Òótọ́ ni pé ó lábùkù, torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìwé ló parí ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni "Having finished the exam, the teacher collected the papers." Olùkọ́ wo ló jókòó ṣe ìdánwò? Nítorí pé ènìyàn ló tẹ̀ lé kọ́mà, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti parí, wọn kò sì bi ara wọn bóyá ẹni tó ṣe nǹkan náà ni wọ́n fi síbẹ̀. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ronú, tó mú "When the students had finished the exam, the teacher collected the papers," ni wọ́n máa fún ní òdo, wọ́n á ní ó gùn jù.

Èyí tó burú jù ni "Students who cheat often fail." Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé náà, "often," dúró sáàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjì: ó lè jẹ́ pé ìwé ni wọ́n ń jí wò lemọ́lemọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fìdí rẹmi. Wọ́n á wá kọ "Students who often cheat fail" sí A, wọ́n á kọ "Students who cheat fail often" sí B. Méjèèjì bá gírámà mu, ìtumọ̀ wọn nìkan ló yàtọ̀, gbólóhùn tí ì bá sì ṣáájú láti fi èrò òǹkọ̀wé hàn, wọn kò kọ ọ́. Ṣé aríran ni akẹ́kọ̀ọ́ ni?

Wọ́n tún ń gba máàkì lórí "I only bought two books," wọ́n ní iwájú "two" ló yẹ kí "only" wà, bẹ́ẹ̀ èyí ni àwọn tó ni èdè ń sọ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ṣì wọ́n gbọ́.

Bí a bá béèrè ìdí, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé ìdáhùn, kò sí àlàyé. Kí wọ́n kọ gbólóhùn tó ṣáájú sí ìbéèrè wọn tàbí kí wọ́n yọ wọ́n kúrò, kí wọ́n sì dá máàkì padà fún gbogbo ẹni tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọ́.