Ẹ Gba Físíò Síṣẹ́ Ná, Kí Ẹ Tó Ra Rọ́bọ́ọ̀tì

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá dùbúlẹ̀, tí Ọlọ́run sì yọ, iṣẹ́ ńlá tó kù kì í ṣe ti oògùn nìkan. Ọpọlọ gbọ́dọ̀ tún kọ́ bí a ṣe ń gbé apá, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, àṣetúnṣe lemọ́lemọ́ ló sì ń mú kó mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara máa ń tètè gbà á jù. Oṣù mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń lò lórí ẹní, tí wọ́n ń fi òróró pa wọ́n lápá, torí pé físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, wà n'Íbàdàn, aláìsàn wà ní Ṣakí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò gbéra ò lè gun ọ̀kadà. Ọkọ̀ ni wọn yóò háyà lọ, háyà bọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀?

Lókè òkun, rọ́bọ́ọ̀tì wà tó ń di apá aláìsàn mú, tó ń bá a gbé e síwá sẹ́yìn láìrẹ̀. Òmíràn á gbé èèyàn nàró, á máa bá a gbé ẹsẹ̀ rìn. Ó wu ojú, ó sì dára fún fọ́tò gómìnà. A ò bá ẹ̀rọ jà, àmọ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà má fi í ṣe ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ rà. Físíò ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́, kó máa tọ́ aláìsàn sọ́nà nílé lórí fóònù.

Ìwádìí RATULS tí wọ́n ṣe ní Bíríténì kó aláìsàn 770 jọ, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Wọ́n fi rọ́bọ́ọ̀tì tọ́jú apá àwọn kan fún ìṣẹ́jú 45, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí wọ́n lè fi apá náà ṣe wò, wọn ò sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 124. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sílé ìwòsàn, àwọn yòókù jókòó sílé, físíò ń tọ́ wọn sọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Apá àwọn tó wà nílé kò kẹ́yìn tàwọn yẹn. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ìrìn máa ń ran ẹni tí kò tíì lè rìn rárá lọ́wọ́ lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bí wọ́n bá fi kún iṣẹ́ físíò. Ṣùgbọ́n físíò ọ̀hún dà?

Iná tí rọ́bọ́ọ̀tì ń lò ńkọ́? Ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wà lókùnkùn fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́, láti ìparí 2024 wọ 2025, torí gbèsè iná mànàmáná. Fóònù ò nílò iná tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní àgbàlagbà ò mọ fóònù lò. Ìyá tó ń wo ìwàásù lórí WhatsApp láràárọ̀? Ọmọ-ọmọ ni yóò bá a dì í mú. Lóòótọ́, nígbà àkọ́kọ́, físíò gbọ́dọ̀ fojú kan aláìsàn, kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó lè ṣubú. Lẹ́yìn náà ni fóònù tó wúlò.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ò sí nílé. Láti àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò, àwọn físíò Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ ìwádìí jáde ní 2020 lórí ìdárayá inú fídíò tí aláìsàn rọpárọsẹ̀ lè ṣe nílé. Àwọn tí a kọ́ ló ń jápa.

Nítorí náà, kí físíò wà ní gbogbo ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, kí ìjọba sì ra fóònù àti dátà fún wọn. Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Kí Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sanwó ìtọ́jú orí fóònù bí wọ́n ṣe ń san ti ojúkojú. Bí ètò ìsúná tó ń bọ̀ bá dé iwájú àwọn aṣòfin, ohun tí a ó kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ ni iye físíò tí wọ́n fẹ́ gbà, àti ìlú tí wọ́n ń rán wọn lọ.