Èsì wa fún Ìyá Ìbejì, lórí Hobie 16 tí omi wọ ikùn rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú ewu omi. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, a ò bá yín jà sí i. Ẹ ní Hobie 16, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré oníkùn méjì tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, gba tó garawa omi kan sí ikùn òsì láàárín wákàtí méjì, pé ó kọ̀ láti yípo la ojú afẹ́fẹ́ kọjá, pé ọ̀pá ìtọ́kọ̀ wúwo, pé ó sì dojú dé pẹ̀lú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lójú ọ̀sà ní apá Ìlàṣẹ. A ó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹlòmíì tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ á ka èyí náà.

Omi inú ikùn, ọ̀ràn wa nìyẹn. Ife kan tàbí méjì kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n garawa kan ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ibi tó sábà máa ń gbà wọlé ni wáṣà ìdérí ihò tó wà ní ẹ̀yìn ikùn, tàbí ìdí síkúrù tó de irin ìtọ́kọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tàbí ibi tí ẹsẹ̀ irin tó gbé ibi ìjókòó ti wọ inú dẹ́ẹ̀kì (òkè ikùn). Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ kí a tó dé, ẹ gbé ọkọ̀ sórí àlòkù táyà méjì kó gbẹ, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ sì fi fóòmù pa á yí àwọn ibi tí a dárúkọ yìí àti ojú ìsopọ̀ ikùn. Kí ẹnì kan wá fi rọ́bà kúkúrú fẹ́ èémí ẹnu sínú ihò ìdérí. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni. Èémí ẹnu tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kànáísà: afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ táyà lè la ikùn náà ní ojú ìsopọ̀. Ihò bíńtín kan tún wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu kí ikùn lè máa mí. Tí ọṣẹ bá hó níbẹ̀, ẹ má dí i.

Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀, ọkọ̀ wà lórí yanrìn lọ́sàn-án gangan, ìdérí méjèèjì sì há pinpin. Oòrùn á mú kí afẹ́fẹ́ inú ikùn wú, á sì máa ti ìsopọ̀ ṣí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀, ẹ ṣí ìdérí méjèèjì, kí ẹ so wọ́n mọ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀ kí ẹ má baà gbàgbé wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ. A ò sọ èyí fún yín lọ́jọ́ tí ẹ gbé e, ó sì yẹ ká ti sọ ọ́.

Ti yíyípo ńkọ́? Kò sí ohun tó bà jẹ́ níbẹ̀. Hobie 16 kò ní pátákó tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láàárín, ó sì fúyẹ́ (kìlógíráàmù 145 péré), torí náà kì í fi eré tó ti ń sá bọ̀ yípo bí ọkọ̀ tó wúwo. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré dáadáa. Ẹ wá ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá jù ú lójijì, ìtọ́kọ̀ á di búrèkì. Ẹ sún síwájú díẹ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ti ń kojú afẹ́fẹ́, ẹ dẹ okùn ìgbòkun ńlá tó bí ìwọ̀n apá kan, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan ìgbòkun kékeré iwájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: wọ́n á ti tú u sílẹ̀ kíá. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá a láti ẹ̀yìn, òun ló máa ti imú ọkọ̀ kọjá, kí ẹ tó fà á sí òdìkejì. Tó bá ṣì dúró, tó ń fà sẹ́yìn, ẹ yí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí òdìkejì ibi tí ẹ ti tì í, á fi ẹ̀yìn parí yíyípo. Ẹ má sì yọ ìgbòkun kékeré pé kí ọkọ̀ lè tutù fún àwọn ọmọ. Láìsí i, yíyípo á túbọ̀ le ni.

Ọ̀pá tó wúwo: ìtọ́kọ̀ kò délẹ̀ tán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún “kà”. Tí kò bá dún, yanrìn ló há sí i. Ẹ fi omi mímu ṣàn án.

Dídojúdé ló ká wa lára jù. Kí Hobie 16 tó lè dìde, ó gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 135 tí yóò fara ti okùn. Ìyá kan àti ìbejì ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè tó o, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe yín. Ẹ mú báàgì tó lè gba omi 20 lítà dání, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ẹ bá ti fẹ́ fà á: omi yẹn á di ìwọ̀n lára yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn ìgbòkun méjèèjì kúrò ní eyín tó mú wọn, ẹ jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ dúró lórí ikùn ìsàlẹ̀, ẹ fi okùn tó gba orí ikùn òkè fà á. Bó bá ti ń bọ̀ wálẹ̀, kí gbogbo yín kúrò lábẹ́ ikùn òkè. Ó lè fọ́ orí èèyàn. Àìfàkókòṣòfò ṣe pàtàkì, torí ọ̀sà kò jìn: orí òpó ìgbòkun lè wọ ẹrẹ̀, kó há síbẹ̀.

Kí àwọn ìbejì tó tún wọ̀ ọ́, kí àgbàlagbà méjì wà nínú rẹ̀, láífù jákẹ́ẹ̀tì lára gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síwájú bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, torí imú rẹ̀ yára wọlẹ̀. Tí orí ìgbì bá ti ń funfun, kí àwọn ọmọ wà létí omi. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán Èkó máa ń ti òkun wá, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìlà oòrùn ni ìjì òjò ti ń já bọ̀. Bí ìlà oòrùn bá ṣú, ẹ má dúró wò ó, ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀.

“Ọkọ̀ ìdílé” ni a kọ sínú ìpolówó. Ó ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ tí ènìyàn méjì ń fi díje, a ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé wáṣà méjì, síkúrù tuntun àti sealant (àtè tí ń dí ojú ihò) ti ọkọ̀ ojú omi wá bá yín, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín. Títí a ó fi dé, ẹ jẹ́ kí ìdérí méjèèjì wà ní ṣíṣí.