Ẹ yé fi Office tí wọ́n crack ṣiṣẹ́ oúnjẹ yín

Ká má fepo bọyọ̀: ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tó wá ń lo Microsoft Office (Word, Excel, PowerPoint) tí wọ́n crack, ìyẹn tí wọ́n já títì ẹ̀ kí wọ́n má bàa sanwó, ń fi iṣẹ́ ara ẹ̀ wewu ni. Ohun àkọ́kọ́ tí activator, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń crack ẹ̀, sábà máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ pa antivirus. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu géètì kóun tó wọlé, kí ló ń bọ̀ wá ṣe?

LibreOffice, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Office ń ṣe, ti wà láti 2010. The Document Foundation, tó wà ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ń bójú tó o. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, kò sí key, kò sì lọ́jọ́ tó máa expire. Writer wà fún lẹ́tà, Calc fún ìṣirò, Impress fún slide. Orí libreoffice.org ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Ó ju 300 MB lọ, torí náà ẹ wá Wi-Fi tó dáa. Tójú ẹ̀ bá ṣàjèjì sí yín, ẹ lọ sí View, User Interface, kẹ́ ẹ mú Tabbed. Á jọ Word.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà ni pé fáìlì tẹ́lòmíì fi ránṣẹ́ tú ká: ojú ewé mẹ́ta di mẹ́rin, table yẹ̀. Font, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, ló sábà ń fà á. Lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), font Calibri àti Cambria kì í sí, ṣùgbọ́n LibreOffice ní Carlito àti Caladea tí ìbú lẹ́tà wọn bá tiwọn dọ́gba, ìlà kì í sì í yẹ̀. Liberation Serif ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Times New Roman. Aptos, tí Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú Word láti 2023, ló wá ń dá wàhálà sílẹ̀ báyìí, kódà lórí Windows. Ẹ tẹ F11, ẹ fi right-click mú Default Paragraph Style, ẹ wọ Edit Style, kẹ́ ẹ yan Times New Roman tàbí Liberation Serif níbi Font. Kẹ́ ẹ sì bẹ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kó lo èyí tẹ́ ẹ yàn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ print, ẹ má gbé .docx (fáìlì Word) lọ sí business centre rárá. Ẹ lọ sí File, Export As, Export as PDF, kẹ́ ẹ mú Hybrid PDF. Á ṣí bíi PDF níbi gbogbo, tẹ́ ẹ bá sì tún fi LibreOffice ṣí i, ẹ lè ṣàtúnṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń kọ́? Ẹ wọ Tools, Options, Load/Save, General. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n gbé AutoRecovery, tó ń tọ́jú iṣẹ́ yín kó má bàa sọnù tíná bá lọ, sí. Ẹ fà á wálẹ̀ sí méjì, kẹ́ ẹ sì rí i pé àmì wà níwájú Always create backup copy. Desktop tí kò ní UPS ò gbọdọ̀ wà láìsí èyí.

Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ dá lórí macro Excel gbọọrọ (àwọn àṣẹ tó ń mú kí Excel dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀), kó ra Office gan-an. Calc ń ka lára VBA, èdè tí wọ́n fi ń kọ macro, kì í ka gbogbo ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni títẹ èdè wa. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ǹpútà ní kóòdù, lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ la kọ́kọ́ máa tẹ̀, ká tó gbé àmì lé e. Nínú Writer, ẹ kọ U+1EB9, kẹ́ ẹ tẹ Alt+X, lẹ́tà ẹ á jáde. Ẹ wá kọ U+0301, Alt+X lẹ́ẹ̀kan sí i, àmì òkè á bọ́ sórí ẹ̀. U+0300 ni àmì ìsàlẹ̀, U+1ECD ni ọ, U+1E63 sì ni ṣ. Fún ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń lò lemọ́lemọ́, ẹ wọ Tools, AutoCorrect Options, kẹ́ ẹ kọ Yoruba sábẹ́ Replace, Yorùbá sábẹ́ With, kẹ́ ẹ tẹ New. Tí kò bá ṣiṣẹ́, èdè tó wà lókè níbẹ̀ ló yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ fi ń kọ ìwé yín. Ẹ yí i sí All.